Ìwádìí tí wọ́n fi dọ́là tì pa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn ní Ìkòròdú. Mo rí ìwádìí kan lórí fífi ìdin rọ́pò ẹja lílọ̀ nínú oúnjẹ àrọ̀, àmọ́ àkópọ̀ ṣókí nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n kà. Àfi kí n san dọ́là. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Ṣé mo sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Ilé ìtẹ̀wé ló ń gba owó yẹn, ẹni tó ṣe ìwádìí kì í sábà rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ àkọlé rẹ̀ sínú Google Scholar, ẹ̀ka Google tí wọ́n ti ń wá ìwádìí àwọn onímọ̀. Bí ẹ bá rí “PDF” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ wo “All versions”, torí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu lè wà ní ibi ìkówèésí yunifásítì òǹkọ̀wé. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ímeèlì rẹ̀ sábà máa ń wà lójú ewé tí àkópọ̀ ṣókí náà wà. Ìlà mẹ́ta ti tó.

Ẹ má fi àkópọ̀ ṣókí po oúnjẹ ẹja o! Ó lè sọ pé ẹja sanra, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Inú tábìlì tó wà nínú ìwádìí náà gan-an ni ẹ ó ti rí ìwọ̀n puroteni, bí ẹja ṣe tóbi tó níbẹ̀rẹ̀, ìgbóná omi àti iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi bọ́ ọ. Ohun tó bá ọmọ ẹja gíráàmù 5 mu lè má bá ti gíráàmù 500 mu, torí puroteni tí ọmọ ẹja ń fẹ́ pọ̀ ju ti àgbà lọ. Bí wọ́n bá kọ “preprint” sí i lórí, àwọn onímọ̀ mìíràn lè má tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ yí oúnjẹ gbogbo kòtò padà.

Ti ìtumọ̀ ńkọ́? Ìkéde Budapest ọdún 2002, tí wọ́n ṣe lórí sísọ ìwádìí di ọ̀fẹ́, fẹ́ kí èèyàn lè ka ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì lè pín in, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ò gbà dé ibẹ̀. Ẹ wá àṣẹ ìlò tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sí ojú ewé kìíní tàbí ìparí. Bó bá jẹ́ CC BY (CC ni Creative Commons, àṣẹ tí òǹkọ̀wé fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lo iṣẹ́ rẹ̀), ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pín in, kí ẹ ṣáà dárúkọ òǹkọ̀wé àti irú àṣẹ náà, kí ẹ sì sọ pé ìtumọ̀ ni. Bí NC bá wà níbẹ̀, ẹ má fi pawó. Bó bá jẹ́ ND, ẹ lè pín in bó ṣe wà, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ pín ìtumọ̀ láìgbàṣẹ. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kankan, ẹ tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n kíkà á, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín ṣàlàyé àbájáde rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ìyẹn ò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni.