Kí o tó kun òpó ọkọ̀ ìgbòkun rẹ

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní o ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan tó wà l'Ékòó, o sì ti gbé òpó rẹ̀ àti ọ̀pá ìdábùú tó ń di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú wá sílé rẹ ní Aṣẹ́rò, l'Abẹ́òkúta níbí. Alumíníọ́mù ni méjèèjì, ọ̀dà ara wọn sì ti ń ṣí bí èèpo iṣu. O wá bi wá pé ṣé búrọ́ọ̀ṣì ni kí o fi kùn wọ́n, àbí kí o pe àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò ní Láfẹ́nwá. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kun òpó tèmi. Méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òpó náà lọ́wọ́ mi pátápátá.

Ọdún 2017 ni ọ̀gá mi kan tó ń padà sí Jámánì ta ọkọ̀ náà fún mi. Òpó rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26. Mo wá ẹnì kan tí wọ́n ní ó mọ tinú-tòde ọkọ̀ ojú omi, ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é, mo sì san owó kó tó wá wò ó. Kò fọwọ́ kan òpó yẹn rárá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n fi sánpépà ha á díẹ̀, kí n wá fi ọ̀dà olóròóró kùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀dà fi wú ní ìdí gbogbo síkúrù, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi èékánná ṣí i, mo rí ẹbu funfun bí ẹfun lábẹ́ rẹ̀. Mo padà lọ bá a, ó ní òjò ló fà á. Inú ṣì ń bí mi di òní. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹni, ó yẹ kó lè rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó wo ohun tí wọ́n ní kó wò.

Ohun tí kò sọ fún mi nìyí. Alumíníọ́mù kì í pẹ́ ní ìhòòhò. Bí o bá ha á títí tó ń dán, lójú ẹsẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fi awọ tín-ínrín kan bò ó, awọ náà á sì máa nípọn sí i. Awọ yìí ló ń dáàbò bò ó, òun kan náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà rí ibi dì mú dáadáa. Nítorí náà, láàárín wákàtí kan sí méjì tí o bá ha á tán ni práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀dà òkè dì mú, gbọ́dọ̀ bá a. Ẹni tó bá ha á lónìí tó ní òun á kùn ún lọ́la ti ṣe iṣẹ́ òfo.

Ti síkúrù wá burú ju ìyẹn lọ. Sítéènìlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe síkúrù ara òpó. Bí sítéènìlẹ́ẹ̀sì bá fara kan alumíníọ́mù, tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, àwọn méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ bíi bátìrì, alumíníọ́mù ni yóò sì máa jẹrà. Bí o bá kun ọ̀dà yíká síkúrù láìtú u, orí egbò tó ń ṣọyún lo lẹ aṣọ mọ́.

Tú gbogbo rẹ̀, àbúrò. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ti okùn, ti ìsàlẹ̀ òpó, ti orí rẹ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ okùn wà. Síkúrù 31 ló wà lára tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tú wọn. Mẹ́sàn-án kán sínú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fi agídí ṣe é, mo gbé síkúrúdíráfà tí kò bá ojú síkúrù mu, mo fi gbogbo ara tì í, orí síkúrù mẹ́ta sì já lọ́wọ́ kan náà. Mo jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ni sùúrù. Mo ń fọ́n WD-40 sí i ní alaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń fi òòlù kékeré gbá orí síkúrù jẹ́jẹ́ kí òróró lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo ń da omi híhó láti inú kẹ́tùlù sí àkísà tí mo wé yí ibẹ̀ ká. Ooru a máa mú kí alumíníọ́mù fẹ̀ ju sítéènìlẹ́ẹ̀sì lọ, ihò á là díẹ̀, síkúrù á sì gbọ̀. Nígbà tó bá gbọ̀, má tú u lọ tààrà. Yí i síwá, yí i sẹ́yìn, fi òróró sí i, tún yí i. Síkúrúdíráfà tí wọ́n ń fi òòlù gbá lórí tó ń yí fúnra rẹ̀ ló gba mẹ́jọ sílẹ̀ nínú àwọn tí mo rò pé wọn ò ní jáde láéláé. Àwọn tó kán, díríìlì ni. Fi ìṣó líle sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an kí o tó lu ú, fi ẹnu díríìlì kékeré bẹ̀rẹ̀, kí o má sáré. Bí ẹnu díríìlì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, alumíníọ́mù ló máa gún torí òun ló rọ̀ jù.

Wẹ́dà kan ládùúgbò wá ní kí n jẹ́ kóun fi iná gáàsì yọ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ní kó máa lọ. Ní ilé-iṣẹ́, ooru tí wọ́n wọ̀n ni wọ́n fi mú alumíníọ́mù òpó ọkọ̀ le. Iná tó bá ju nǹkan bí 200°C lọ yóò tún rọ̀ ọ́ padà, o ò sì ní fi ojú rí i. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le lórí omi ni wàá mọ̀. Fún ìdí kan náà, má jẹ́ kí wọ́n fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì, èyí tí mi ò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo gba pẹ́ńtà kan pé kó bá mi yọ ọ̀dà tó kù. Ó ní òun mọ ọ̀nà tó yá ju kí a máa ha á lọ. Ó lọ sí Ìtòkú, ó ra kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aládìrẹ ń pò mọ́ aró, ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sórí òpó náà ní ìrọ̀lẹ́. Mo wà nínú ilé nígbà tí mo gbọ́ tó ń hó ṣìì. Ara òpó ń gbóná, ó ń yọ fóòmù, èéfín ń jáde. Ọ̀dà náà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù dúdú bí ìdí ìkòkò, ihò wínníwínní sì wà káàkiri. Gáàsì tó ń jáde nígbà tí kọ́sítíìkì bá ń jẹ alumíníọ́mù, háídírójìn ni. Iná lè gbà á, ọmọ iṣẹ́ pẹ́ńtà yẹn sì ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo sáré gbé rọ́bà omi, mo da omi sí i fún nǹkan bíi wákàtí kan. Àpá ibi tó ta sí mi lọ́wọ́ ò tíì parẹ́. Pẹ́ńtà ní òun máa ń lò ó fún géètì irin, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Òótọ́ ló sọ, irin lásán kì í bá kọ́sítíìkì jà, alumíníọ́mù ni kò lè fara dà á. Omi eérú náà lè jẹ ẹ́, má jẹ́ kó kàn án.

Mo gbé òpó yẹn lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ní wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá kan sọ fún mi pé ó dára lójú òun. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù ló fi ohun ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ bá mi wò ó láti inú àwọn ihò síkúrù. Ibì kan láàárín ti fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n gé e níbẹ̀, wọ́n fi alumíníọ́mù mìíràn sínú láti dè é pọ̀. Owó tó lọ síbẹ̀ ju owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Kí n má gbàgbé. Tí o bá ń gbé òpó náà padà lọ sí Èkó, okùn ni kí o fi dè é, fi fóòmù sí abẹ́ rẹ̀. Ṣéènì ni awakọ̀ tèmi fi dè é, kí a tó dé Ìfọ̀ ó ti wọ inú rẹ̀. Nínú àgbàlá rẹ pẹ̀lú, gbé e ní ìdùbúlẹ̀ nígbà gbogbo. Má nà án sókè láìwo òkè. Wáyà NEPA àdúgbò wa lọ sílẹ̀, òpó alumíníọ́mù tó bá kàn án yóò pa gbogbo ẹni tó dì í mú.

Ti kíkùn gan-an kò le. Fọ̀ ọ́ kí iyọ̀ kúrò. Fi tínà nù ún kí o tó fi sánpépà kàn án, kí o má baà ha ọ̀rá wọ inú rẹ̀: àkísà kan tó tutù, òmíràn gbígbẹ tó ń tẹ̀ lé e, máa pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, sánpépà 80 fún ọ̀dà tó le, 120 láti parí rẹ̀. Sánpépà tuntun ni o. Èyí tí wọ́n ti fi ha irin, búrọ́ọ̀ṣì wáyà irin, gbogbo wọn ló ń fi ẹbu irin sílẹ̀ lára alumíníọ́mù, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n omi mímọ́ sí i: bó bá tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, ó mọ́, bó bá ń kó ara jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ọ̀rá ṣì wà. Jẹ́ kó gbẹ, tún fi sánpépà kọjá lórí rẹ̀ wéréwéré, kí práímà wọlé.

Práímà epoxy alágolo méjì ni mo lò, èyí tí wọ́n kọ alumíníọ́mù sí lára. Wo ọjọ́ tí hádínà, ìyẹn agolo kejì tí à ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè le, máa kú lára agolo rẹ̀. Wọ́n ta èyí tó ti kú fún mi rí, ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀dà fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Epoxy kì í fara da oòrùn, ó máa ń di ẹbu, nítorí náà ọ̀dà polyurethane ni kí o fi bò ó, kí ó sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe práímà náà. Bí o bá rí práímà aláwọ̀ ewé-òfeefèé àtijọ́ tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní chromate nínú, ó máa ń mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹbu rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, má ha á láìbo imú. Bí ọ̀dà tí òpó rẹ ní tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ irú rẹ̀, omi ni kí o fi ha á. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó ní bàbà nínú, má jẹ́ kó dé ara alumíníọ́mù láéláé.

Má di ihò omi tó wà ní ìsàlẹ̀ òpó. Má jẹ́ kí ọ̀dà pọ̀ nínú ojú ọ̀nà tí ìgbòkun ń gbà gòkè, yóò há. Àsìkò tó dáa l'Abẹ́òkúta ni ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, kí eruku ọyẹ́ tó dé. Jẹ́ kí ìrì gbẹ tán kí o tó bẹ̀rẹ̀, má sì kùn ún nígbà tí ara alumíníọ́mù bá ti gbóná débi tí ọwọ́ ò fi gbà á.

Búrọ́ọ̀ṣì tí o bèèrè: bẹ́ẹ̀ ni, ó tó. Fi rólà fóòmù tẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó dára fà á lẹ́yìn rẹ kó lè dán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà ní Láfẹ́nwá mọ iṣẹ́ wọn, yóò sì dán jù. Ṣùgbọ́n hádínà polyurethane ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú, tí wọ́n bá fọ́n ọn, ó lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú tí wọ́n ń tà ní Pánṣẹ́kẹ́ kò lè dá a dúró. Àyàfi tí wọ́n bá ní èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn, fi rólà ṣe é fúnra rẹ.

Jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó di pé o dá àwọn ohun ara rẹ̀ padà. Síkúrù tuntun ni kí o lò, kí o fi Duralac tàbí Tef-Gel, ohun ìkunra tí kì í jẹ́ kí irin méjì jẹ ara wọn, kun gbogbo ẹnu wọn, kí o sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín òpó àti gbogbo irin tó bá jókòó lé e. Tí o bá rí ẹbu funfun nígbà tí o bá tú ìdí òpó rẹ, ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó ha á, kí n lè bá ọ wo ibi tó jìn dé.