Kí ló dé tí práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ń fín, fi ń rí háráhárá lára ère kékeré akọni géèmù orí tábìlì mi n'Ílọrin? Ṣé mo sì lè fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn wọ́n?

Ọyẹ́ ni. Práímà inú agolo ti ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ sára ère, eruku sì ń bá a wọlé. Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri tí atẹ́gùn ò ti le, àmọ́ kó má jẹ́ inú yàrá. Ẹ mú agolo sún mọ́ ọn, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ fín in féléfélé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ère náà, torí òróró tó kù lára rẹ̀ láti inú mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi ṣe é kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀. Idà tó bá tẹ̀, ẹ rì í bọ omi gbígbóná kó rọ̀, ẹ tọ́ ọ, kí ẹ sì kì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀dà akiríìlì, èyí tí a ń fi omi là, ni kí ẹ lò. Ọ̀dà ilẹ̀kùn nípọn jù. Ojú àti ìka akọni á bò mọ́lẹ̀ pátá. Ẹ fi omi la akiríìlì náà kó ṣàn bíi mílíìkì, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkíní gbẹ ná. Ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ là kó ṣàn dáadáa ló ń mú ibi tó jinlẹ̀ lára aṣọ ère hàn. Bí ẹ̀yin àti àwọn mìíràn bá jọ ń gbá géèmù náà, ẹ fún akọni kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ agbádá tirẹ̀. Fáníìṣì tí kì í dán ló kẹ́yìn, kí òógùn ọwọ́ má bàa ba ọ̀dà jẹ́.