Bypass lẹ́yìn sleeve: ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹ ti ṣe sleeve, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kéré kí ara lè fọn, ní Ìlú Ọba níbí, pé ẹ fọn dáadáa nígbà yẹn, àmọ́ báyìí ásíìdì kì í jẹ́ kí ẹ fojú ba oorun, irọ̀rí mẹ́ta lẹ ń tò sẹ́yìn, dókítà sì ti ní kí wọ́n yí i sí bypass, iṣẹ́ abẹ tó ń mú kí oúnjẹ gba ọ̀nà mìíràn kọjá àpòlúkù. Ẹ wá béèrè bí ara ṣe máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀, àti bóyá sleeve náà ni wọ́n kàn máa tún rán. Rárá o, kì í ṣe àtúnrán. Iṣẹ́ mìíràn gbáà ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. Sleeve a máa gbójú fo àṣìṣe díẹ̀: èèyàn lè gbàgbé fítámì fún oṣù kan, ó lè lo ibuprofen nítorí ẹ̀yìn ríro, kó má tètè hàn. Bypass kì í gbójú fo irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ti ń jó. Nígbà sleeve, wọ́n gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, ìyókù wá dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tó ń ṣí tó ń tì, tí wọ́n ń pè ní pylorus, ṣì wà ní ipò rẹ̀. Oúnjẹ wọ inú ọ̀pá tóóró, ìsàlẹ̀ tilẹ̀kùn, kí ni kó ṣe? Òkè ló máa ru sí. Bí orí àpòlúkù bá tún ti gba àlàfo awọ tó pín àyà àti ikùn níyà yọ́ gòkè, ọ̀rọ̀ di méjì. Ìdí nìyẹn tí omeprazole, oògùn tí ń dín ásíìdì kù, fi lè dín títa kù láìdá omi tó ń ru bọ̀ lọ́fun dúró. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, awọ inú ọ̀nà ọ̀fun lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, èyí tí wọ́n ń pè ní Barrett, tí wọ́n máa ń ṣọ́ nítorí jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yín kọjá ti oorun nìkan.

Nínú bypass, dókítà á gé òkè sleeve náà, á fi àpò kékeré tó gba bíi 30 mílílítà sílẹ̀, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ ńlá méjì. Á gé ìfun kékeré, á fa ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè wá so mọ́ àpò náà. Ẹnu kejì, tí òróòro ń gbà kọjá, á lọ so mọ́ ìfun yẹn ní nǹkan bí 100 sí 150 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀. Ó wá dà bí lẹ́tà Y. Orúkọ César Roux, dókítà ará Switzerland, ló wà nínú Roux-en-Y tí ẹ máa rí lórí ìwé. Ìyókù sleeve kò ní jáde o. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe omi tirẹ̀, oúnjẹ ni kò gba ibẹ̀ mọ́, kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ẹnu kì bọnú kò sì ní lè débẹ̀ bọ̀rọ̀. Òróòro ti jìnnà, àpò òkè kò ní ásíìdì púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń kú.

Ẹ béèrè oríṣi bypass tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń so lójú kan ṣoṣo, mini bypass ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó sì ń mú ara fọn, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò náà ni òróòro ń gbà kọjá. Ẹni tí ohun tó ń ru sókè ti ń dààmú tẹ́lẹ̀, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lórí ọ̀rọ̀ sísanra. Ẹni tó ṣe é nítorí ásíìdì sábà máa ń yọ̀. Ẹni tó ṣe é kí kílò tó padà wá lè tún lọ, ó máa ń rí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àmọ́ kì í já bọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ara ti mọ ọgbọ́n yẹn.

Kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú, kí wọ́n ya àwòrán bí omi ṣe ń gba ọ̀fun sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì yẹ H. pylori wò. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ gan-an lára àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà, ó sì wà lára ohun tó ń fa ọgbẹ́ lójú ibi tí wọ́n so. Kí wọ́n wo ferritin (irin tí ara kó pa mọ́), B12, folate (fítámì B9), fítámì D, calcium àti PTH (èròjà ara tó ń darí calcium) yín nísinsìnyí, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe sleeve ló ń gbé àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìmọ̀. Bí àlàfo awọ tí mo sọ bá wà, kí wọ́n rán an lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni kó ti dópin, kó má sì padà mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ méjì oúnjẹ tó ń mú ẹ̀dọ̀ súnkì, ẹ ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ sleeve.

Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: nǹkan olómi fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná fún méjì, èyí tó rọ̀ fún méjì, kí ẹ tó máa padà sí oúnjẹ gidi díẹ̀díẹ̀. Ògì fífúyẹ́ láìsí ṣúgà dára, àmọ́ ògì nìkan kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó da ìyẹ̀fun purotéènì sí i, torí bó bá gbóná jù ó máa ń ṣù. Lẹ́yìn náà gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ tí òróró rẹ̀ kò pọ̀, ẹyin, ẹja tí a ti ṣa egungun rẹ̀. Ohun tí ẹ ń lé ni purotéènì 60 sí 80 gíráàmù lóòjọ́, àti omi lítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Omi àti oúnjẹ kì í pàdé: bí ẹ bá jẹun tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi tó tẹ̀ lé e.

Òkèlè ló máa ń já àwọn èèyàn wa kulẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n so kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Iyán àti fùfú kì í fọ́ lẹ́nu, a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu náà, a máa ń gbé e mì ni. Ó débẹ̀, ó dì í pa. Búrẹ́dì tútù àti àyà adìyẹ gbígbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: àyà á wúwo bí ẹni pé nǹkan jókòó sí i, itọ́ á máa ki bí omi ẹyin, á máa dà ṣàà. Ẹ má bu omi lé e! Kò síbi tí omi náà máa gbà, èébì ló máa mú wá. Ẹ dìde, ẹ rìn yíká ilé, ẹ máa tu itọ́ náà sínú ike, ó sábà máa ń kọjá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún padà sí òkèlè lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, kó má tóbi ju ẹ̀pà lọ, kí ọbẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀, kí ẹja ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àmàlà a máa rọrùn ju iyán lọ. Àmọ́ bí ohun tó ń há bá ń pọ̀ sí i láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, tó jẹ́ pé oúnjẹ rírọ̀ náà kò kọjá mọ́, ojú ibi tí wọ́n so ló ń súnkì. Wọ́n máa ń fi bàlúùnù kékeré tí wọ́n gba inú kámẹ́rà kì wọlé fẹ̀ ẹ́. Ẹ má jókòó sílé máa bì.

Bí ẹ bá sì ti bì fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewu mìíràn ti wọlé: thiamine, ìyẹn fítámì B1, ti ń tán lára. Ẹsẹ̀ á máa jó bí iná tàbí kó máa kú, ojú á máa rí nǹkan ní méjì, èèyàn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ba ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí wọ́n fa omi onísúgà sí i lára kíákíá nítorí ó rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà yẹn á lo ìwọ̀nba thiamine tó kù tán, ọpọlọ á sì fara gbá a. Thiamine ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí dírípù tó ní glucose tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ọ́, ẹ tún un sọ, pàápàá bí ẹ bá wà nílé ní Nàìjíríà tí kẹ́míìsì àdúgbò fẹ́ fa dírípù sí yín.

Dumping tún ni, ìyẹn kí oúnjẹ já wọ ìfun lójijì. Ẹ lè má fojú kàn án rí nígbà sleeve torí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ń bá yín dí i. Ní báyìí kò sí ilẹ̀kùn: ohun tó bá ti wọ àpò, ìfun ló bọ́ sí. Màlítì, ṣin-ṣín, zobo onísúgà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n àyà á máa já, òógùn á bò yín, inú á máa kùn, oorun á kì yín mọ́lẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, ó máa lọ. Gàárì mímu ló burú jù, torí ó kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀: ṣúgà, ìyẹ̀fun tó ń wú, àti omi pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Oríṣi kejì a máa dé ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Tábúlẹ́ẹ̀tì glucose bíi 15 gíráàmù ni ẹ máa lò, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ ẹyin tàbí ẹja díẹ̀. Bí ẹ bá gbé odidi ìgò màlítì mu, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yípo náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fítámì di ti ojoojúmọ́ títí ayé. Ibi tí ara ti ń gba áyọ́ọ̀nù (iron, irin inú ẹ̀jẹ̀) jù, òkè ìfun kékeré, ni oúnjẹ kò gbà mọ́. Áyọ́ọ̀nù 45 sí 60 mílígíráàmù lóòjọ́, pàápàá obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Calcium 1,200 sí 1,500 mílígíráàmù, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ara kò gbà ju bíi 500 tàbí 600 lọ lẹ́ẹ̀kan. Citrate ni kẹ́ ẹ béèrè. Carbonate tí wọ́n sábà ń kọ fúnni nílò ásíìdì kó tó yọ́, ásíìdì sì ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sá fún. Calcium àti áyọ́ọ̀nù kì í jókòó pọ̀: wákàtí méjì láàárín wọn. Tíì àti kọfí náà kó jìnnà sí áyọ́ọ̀nù. Fítámì D3 bíi 3,000 IU. B12, abẹ́rẹ́ 1 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gún níbí. Ẹ ṣètò rẹ̀ sórí fóònù kó máa dún. Ọdún méjì ni ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ náà máa fi mójú tó yín, lẹ́yìn náà ó di ti GP, dókítà àdúgbò yín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ GP kì í rántí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n. Irun á já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, á tún hù. Ẹ ti rí i rí.

Oògùn ìrora ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ibuprofen, diclofenac, naproxen, piroxicam, gbogbo wọn di èèwọ̀, ìbáà ṣe oníhóró tàbí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n so, ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè lu. Alabukun náà wà níbẹ̀ o, aspirin ló wà nínú rẹ̀, bí màmá yín tiẹ̀ ti ń lò ó láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Oògùn tí kẹ́míìsì dì pọ̀ sínú ọ̀rá láìdárúkọ, ẹ má gbé e mì. Àgbo inú ọtí náà kó kọjá lọ. Lẹ́yìn bypass ọtí kékeré ń yára gun orí. Paracetamol ni tiyín. Bí dókítà ọkàn bá ní kí ẹ lo aspirin kékeré, òun àti oníṣẹ́ abẹ yín ni kó jọ pinnu. Oògùn tí ń dín ásíìdì kù, ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ọgbẹ́ bá ti wà, kápúsù tí a ṣí, tí a da ohun inú rẹ̀ sínú nǹkan rírọ̀, ń tètè wò ó sàn ju èyí tí a gbé mì lódidi. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìrora kan wà tí a kì í fi ṣeré: tó ń fún inú pọ̀ nítòsí ìdodo, tó ń wá tó ń lọ, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, bóyá oṣù mẹ́jọ tàbí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nígbà tí ara ti fọn. Ọ̀rá inú tó ti yọ́ ti ṣí àlàfo sílẹ̀, ìfun á yọ́ wọ ibẹ̀, á lọ́. CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ ó lè má fi nǹkan kan hàn, kí ìfun náà sì ti há. Bí ìrora bá le, ẹ ní kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ tó mọ bypass, kì í ṣe ẹni tó máa kọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí fún yín kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bí ọmọ bá wà lọ́kàn yín, ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kó tó dé. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí a ń gbé mì kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, àyẹ̀wò ṣúgà olómi tí wọ́n ń fún aboyún mu sì máa mú dumping wá, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lórí ìka ṣe tiyín.

Ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ yín tí gígùn ìfun méjèèjì wà nínú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Kẹ́ ẹ sì kọ èyí sí páálí kékeré inú pọ́ọ̀sì, lédè tí dókítà ibi tí ẹ wà ń kà: mo ti ṣe sleeve, wọ́n ti yí i sí Roux-en-Y bypass, ẹ má fún mi ní ibuprofen, diclofenac tàbí aspirin, ẹ má ki rọ́bà gba imú mi lọ sí ikùn láìsí kámẹ́rà, bí mo bá ti ń bì, thiamine kí omi onísúgà tó wọlé.