Ẹja adágún Laberge: iná kọ́, ọ̀bẹ ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Whitehorse ní Yukon, lápá àríwá Kánádà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ẹnì kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún wa ní ẹja trout ńlá méjì tó pa ní adágún Laberge. Ìyá àgbà kan níbi iṣẹ́ mi wá ní ìjọba ti kìlọ̀ nípa ẹja ibẹ̀ rí, pé oògùn kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí mi ò rí oko ńlá kankan nítòsí ibẹ̀. Bí mo bá yan án kó gbẹ dáadáa, ṣé oògùn náà ò ní bá èéfín lọ? Mo ń fọ́mọ lọ́mú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ. Kò ní bá èéfín lọ o. Ooru ìdáná ò tó láti ba irú oògùn yìí jẹ́.

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Ní 1991, ìjọba kìlọ̀ pé kí aráàlú dín jíjẹ trout Laberge kù, kí wọ́n má sì jẹ ẹ̀dọ̀ burbot ibẹ̀, ẹja onírùngbọ̀n kan ṣoṣo lábẹ́ àgbọ̀n yẹn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi, ó lọ́ràá, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Oògùn kòkòrò kan tó ń jẹ́ toxaphene ni wọ́n bá nínú ẹja náà. Oko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fọ́n ọn jù, kí ìjọba ibẹ̀ tó fagi lé ọ̀pọ̀ ìlò rẹ̀ ní 1982. Ooru á gbé e kúrò nílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, á bọ́ sílẹ̀ níbi tó bá ti pàdé òtútù. Bí oòrùn bá tún mú, á tún gbéra. Tó bá fi máa dé àríwá lọ́hùn-ún, òtútù ti pọ̀ jù, kò lè dìde mọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí adágún Fox àti Kusawa tí kò jìnnà sí Laberge, síbẹ̀ oògùn inú ẹja wọn ò tó ti Laberge. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ẹja ń jẹ ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀. Ẹja bíi tirẹ̀ ni trout Laberge ń jẹ ṣáá, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ kòkòrò omi. Oògùn tó wà lára ohun tí a jẹ á lọ kóra jọ sínú ọ̀rá ẹni tó jẹ ẹ́, ẹni tó bá sì jẹ onítọ̀hún ló máa kó gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ gaara kí ẹja inú rẹ̀ má mọ́.

Inú ọ̀rá ni oògùn náà ń gbé, ẹ gbá a mú níbẹ̀. Ẹ bó awọ ẹja náà, ẹ gé ọ̀rá abẹ́ ikùn àti ti ẹ̀yìn dànù, pẹ̀lú ẹran dúdú tó tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ yan án lórí irin kí ọ̀rá máa kán sílẹ̀, ẹ má fi omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ se ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé orí ẹja ló máa ń dájà sílẹ̀ nílé wa. Ẹ fi ti eléyìí sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà ńkọ́, ẹ jù ú nù.

Mẹ́kúrì, májèlé mìíràn tó máa ń wà nínú ẹja, yàtọ̀ o. Inú ẹran gan-an lòun ń gbé, ọ̀bẹ ò ràn án. Ẹja tó bá ti dàgbà tó sì tóbi ló máa ń ní in jù.

Ní ti ọmọ, oògùn yìí máa ń bá ọmú wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ já a lẹ́nu ọmú. Àǹfààní ọmú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Toxaphene inú ẹja Laberge ti lọ sílẹ̀ gan-an sí ti ìgbà yẹn. Ẹ ṣáà pe ilé iṣẹ́ ètò ìlera Yukon, kí wọ́n sọ ìkìlọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí fún yín. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ yín bá sì tún ń lọ sódò, ẹ ní kó má wulẹ̀ fi ẹja ńlá ṣe fáàrí, kékeré ni kó mú wá.