Ẹ Bi Bàbá Dírẹ́bà: Òkun Kì í Ṣe Odò

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Mopa. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọjọ́ 10 níbi tí kò sí ariwo lóṣù Kejìlá, ibi tí a ti lè rìn nínú igbó, kí a sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì òkun lórí pátákó. Ọ̀rẹ́ mi kan dárúkọ Busua, ní ìwọ̀-oòrùn Ghana. Ìyàwó mi ò rí òkun rí, ẹ̀rù ń bà á. Èmi mọ odò wẹ̀ dáadáa ní tèmi. Ṣé ká lọ?

Ìdáhùn: Okun o, ọmọ mi. Àwa tá a fi “Okun” kí ara wa láàárọ̀ lálẹ́, a ò ní òkun kankan nílẹ̀ wa. Ẹ lọ o, ẹ lọ fi ojú rí i.

Ọdún 22 ni mo fi wa ọkọ̀ Èkó sí Accra kí n tó padà wálé sí Kabba. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé ìyàwó rẹ ló gbọ́n jù nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ tó mọ odò wẹ̀ yìí lẹ̀rù rẹ ń bà mí. Èmi náà mọ odò wẹ̀. Ní Busua, mo wọ omi dé àyà, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe kúrò nílẹ̀. Mo kọjú sí yanrìn, mo ń lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan, yanrìn ń jìnnà sí i. Ọmọ apẹja kan, kò lè ju ọdún 12 lọ, ló ń pariwo láti etí omi, tó ń fọwọ́ júwe ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ni omi tú mi sílẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: omi tí ìgbì bá dà sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ojú kan tóóró ló sì sábà máa ń gbà padà, pẹ̀lú agbára. Má bá a jà. Lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí yóò fi fi ọ́ sílẹ̀, kí o tó kọjú sílé. Ibi tí omi bá dà bíi pé ó dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ gan-an ni kó o sá fún.

Oṣù Kejìlá dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ìjì tó ń jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń ti ìgbì ńlá wá, àárín ọdún ló sì máa ń le jù. Yanrìn ni ìsàlẹ̀ omi Busua, wọ́n ń yáni ní pátákó, wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀.

Ní ti igbó, ẹ mú ọmọ ìlú kan dání, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Busua dé Butre. Lórí òkè níbẹ̀ ni Fort Batenstein wà, tí àwọn Dutch kọ́ lọ́dún 1656. Afárá 7 tí wọ́n so mọ́ orí igi wà ní igbó Kakum, lápá àríwá Cape Coast. Ó ga tó mítà 40 níbòmíràn. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ dé ibẹ̀, kí ariwo àwọn ọmọ iléèwé tó gba igbó kan. Bọ́jọ́ ò bá tó, ẹ fò ó. Ẹni tó bá ti gun àpáta Ogidi kò pàdánù púpọ̀, àmọ́ ẹnu ìyàwó mi ò ní jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ nílé.

Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ rìn, kẹ́ ẹ sun Èkó, kẹ́ ẹ tó gba Seme. Ọmọ ECOWAS ni yín, ẹ ò nílò físà, àmọ́ ẹ mú páálí ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páálí ìrìnnà yín ní gbogbo ẹnubodè, nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé. Èrò ọkọ̀ mi kan fo ẹyọ kan, ìdajì ọjọ́ la fi jókòó sóòrùn. Láti Accra, ẹ wọkọ̀ dé Takoradi, ẹ wọ òmíràn lọ sí Agona Nkwanta, ọkọ̀ kékeré á gbé yín dé Busua.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi bèèrè ọmọ apẹja yẹn. Á ti di bàbá ọmọ báyìí.