Ẹ Bi Kóòṣì: HM ní ká to àwọn ọmọ Práímárì 2 jọ ní pírámíìdì

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà Práímárì 2 ni mí n'Íbàdàn níbí, inter-house wa ku díẹ̀, HM wá ní kí n kọ́ àwọn ọmọ mi ní jimnásíìkì eléèyàn méjì-méjì, kí wọ́n sì fi pírámíìdì, ìyẹn kí àwọn kan gun orí àwọn míì, parí ẹ̀ níwájú àwọn òbí, torí pé iléèwé kan ládùúgbò wa ṣe é lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún wọn gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje ni wọ́n o, mọ́kànlélógún ni wọ́n, èmi nìkan sì ni tíṣà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ n ti ibi pírámíìdì yẹn bẹ̀rẹ̀ torí òun ni HM ń wò. Ẹ má ṣe é. Apá àti ẹ̀yìn ọmọ ọdún mẹ́fà ò tíì le tó ẹni tó ń gbé ọmọ bíi tiẹ̀ méjì pọ̀, èyí tó wà lókè náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tí nǹkan bá yẹ̀. Tí HM bá ní ojo ni yín, ẹ sọ ti Japan fún un. Àwọn yẹn ti ń ṣe é níléèwé ọjọ́ ti pẹ́, kumitaiso ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ eré ìdárayá ni wọ́n máa ń fi hàn àwọn òbí, wọ́n tò ó tò ó títí àwọn míì fi ń to ọmọ ní ìpele mẹ́wàá. Lọ́dún 2015 ọ̀kan nínú ẹ̀ wó níléèwé kan nílùú Yao, lágbègbè Osaka, ọmọ kan kán lápá, fídíò ẹ̀ sì gba gbogbo ìgboro kan. Ìgbà tí wọ́n ka iye ọmọ tó ń fara pa nídìí eré yìí, ó lé ní 8,000 lọ́dún kan, ni ìlú Osaka bá ní òun ò fẹ́ rí pírámíìdì mọ́ láwọn iléèwé òun lọ́dún 2016. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ti Yao yẹn o, kì í ṣe Práímárì 2.

Ṣé ẹ rí i, jimnásíìkì eléèyàn méjì ò bẹ̀rẹ̀ látorí kí ẹnì kan gun ẹnì kan. Fífà àti títì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí ìwúwo ẹlòmíì ṣe ń rí lọ́wọ́ òun, kó sì mọ̀ pé tòun náà wà lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Ẹ mú àwọn méjì tó ga bákan náà, tí wọ́n sì wúwo bákan náà, kí wọ́n bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ (ìbọ̀sẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an), kí wọ́n kojú síra, ìka ẹsẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ara wọn ni kí wọ́n dì mú o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, torí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kì í pẹ́ làágùn, á kàn yọ́ bọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́, bí ẹnì kan bá tú, ọwọ́ ẹnì kejì ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá máa fara sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi nà tán. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wo ìgbọ̀nwọ́ wọn. Èyí tẹ́rù ń bà á ká ìgbọ̀nwọ́, á yọ ìdí sẹ́yìn, á máa wolẹ̀, pátínà ẹ̀ á sì máa fà á kiri. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ kàn ní kó wojú pátínà ẹ̀, kó na apá, kó fa ìdí wọlé. Ìgbà tó bá yé àwọn méjèèjì, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín á dáwọ́ dúró lójijì, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára pé tóun bá jọ̀wọ́ ẹ̀ báyìí, ilẹ̀ yá. Kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta kí wọ́n tó dìde padà. Àwọn tó ń fi eré yìí díje káàkiri ayé gan-an, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dúró kí wọ́n tó ka bálánsì sí i fún wọn.

Tó bá ti mọ́ wọn lára, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ títí ìdí á fi fẹ́ kanlẹ̀, kí wọ́n sì jọ dìde láì jọ̀wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n jókòó fẹ̀yìn kanra, kí wọ́n kọ́ apá, kí wọ́n tira dìde. Lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́, kí kálukú máa sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n máa tira.

Mẹ́ta-mẹ́ta ni kẹ́ ẹ pín wọn, ọ̀nà méje gééré. Méjì ń ṣe é, ìkẹta ń ṣọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè gbá ẹni tó ń ṣubú mú o, kẹ́ ẹ má lọ gbójú lé e, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wò, kó sì pariwo "ó tó!" tó bá rí i pé nǹkan ti fẹ́ bà jẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ "ó tó", gbogbo èèyàn á sì dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí pé à ń ṣeré.

Tí ọjọ́ bá ṣì wà, ẹ fi tábìlì kún un. Ẹnì kan kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ọwọ́ wà lábẹ́ èjìká gan-an, orúnkún wà lábẹ́ ìdí gan-an, ẹ̀yìn tẹ́jú. Ẹnì kejì á gba ẹ̀yìn wá, á fọwọ́ lé èjìká ẹ̀, á sì gbé orúnkún lé e lórí ìdí, níbi tó wà lókè itan. Kó má gbé e sí àárín ẹ̀yìn láéláé, ibẹ̀ ò ní òpó kankan lábẹ́. Ọ̀nà tó gbà gùn ún náà ni kó gbà sọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kò gbọ́dọ̀ fò. Tábìlì kan lẹ́ẹ̀kan péré, tí ẹ̀yin fúnra yín á dúró tì, kí àwọn yòókù jókòó.

Lọ́jọ́ inter-house, ẹ to ọ̀nà méjèèje yẹn síta, kí wọ́n jọ fara sẹ́yìn pọ̀ bí ìlù bá ṣe dún, kí ìkẹta wọn na apá sókè láàárín. Àwọn òbí á pariwo dáadáa.

Ìbéèrè: Kóòṣì, ọmọbìnrin mi sanra díẹ̀, ìgbà gbogbo ni tíṣà ń fi í sísàlẹ̀ káwọn yòókù lè gùn ún, wọ́n ti wá ń pè é ní Òròbó. Kò fẹ́ ṣe P.E. mọ́. (Màmá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Tíṣà yẹn ò ṣe é dáa. Ẹni ìsàlẹ̀ ló ni iṣẹ́ gan-an nínú eré yìí, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe níyì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ìwúwo ni wọ́n ń wò láti fi ọmọ síbẹ̀ títí ayé. Ẹ lọ bá a jẹ́jẹ́, kó máa pààrọ̀ wọn. Tí kò bá sí ọmọ tó lè gbé e, kó jẹ́ kó fọwọ́ lé èjìká tábìlì, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀, òun náà ti di ẹni òkè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Òròbó yẹn, HM ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.

Ìbéèrè: Àwọn òbí kan ò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn di ọmọkùnrin mú. Ṣé dandan ni? (Alhájì, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan rárá, Alhájì. Nínú ìdíje ti àgbáyé, ọkùnrin méjì wà, obìnrin méjì wà, ọkùnrin àti obìnrin wà, obìnrin mẹ́ta wà, ọkùnrin mẹ́rin náà wà. Ti ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ṣe ní Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Buenos Aires lọ́dún 2018, àmọ́ ẹ lè pín àwọn ọmọ yín bó ṣe tẹ́ àwọn òbí lọ́rùn. Kí àwọn ọmọbìnrin sáà wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, híjáàbù kó wà ní kíkì bọnú aṣọ.

Ìbéèrè: A ò ní máàtì. Ṣé fóòmù bẹ́ẹ̀dì dáa? (Bọ̀dá P.E., Ọ̀ṣogbo)

Ìdáhùn: Bọ̀dá, èyí tó bá nípọn, tó rọ̀, máa ń gbé ẹsẹ̀ mì, ọrùn ẹsẹ̀ á sì fẹ́ yẹ̀. Pápá tó ní koríko tàbí iyanrìn tẹ́ ẹ ti ṣa òkúta àti ìgò kúrò nínú ẹ̀ sàn jù ú lọ. Orí sìmẹ́ńtì ńkọ́? Fífà àti títì nìkan, kò sí tábìlì níbẹ̀.