Ibo ni a lè fi àkíyèsí ìràwọ̀ onírù (comet) tí a rí láti Kàbà ránṣẹ́ sí?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí COBS, àká àkíyèsí ìràwọ̀ onírù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ibùdó ìwo-ojú-ọ̀run Črni Vrh ní orílẹ̀-èdè Slovenia ń bójú tó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó kàn forúkọ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ohun tí wọ́n nílò jù ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ onírù náà. Ẹ fi í wé àwọn ìràwọ̀ tí a ti mọ ìwọ̀n wọn. Bí nọ́ńbà ìwọ̀n yìí bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: ìràwọ̀ onírù máa ń fẹ̀ bí ìkuukùu, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ lásán dà bí ojú abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ yí ojú awò tí ẹ fi ń wo ojú ọ̀run títí ìràwọ̀ lásán yóò fi fẹ̀ tó ìràwọ̀ onírù, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹ kọ irú awò tí ẹ lò sílẹ̀ pẹ̀lú.

Aago àgbáyé (UT) ni wọ́n ń lò, ẹ yọ wákàtí 1 kúrò nínú aago wa: aago 7:30 alẹ́ ní Kàbà tàbí Mọ́pà jẹ́ 18:30. Láti inú àkíyèsí gbogbo ayé ni COBS ti ń ya àwòrán bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Ẹ ṣọ́ra ní ìgbà ọyẹ́: eruku máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ohun tó bá sún mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run kù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú àkíyèsí yín.